Àìrítán ni, kì í ṣe àìlèríran

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa láti Oǹdó kọ̀wé pé "àìlèríran ènìyàn" ni ká máa pe ibi tí ojú àti etí ọmọ aráyé mọ, tí a kì í fi í rí òótọ́ kọjá ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà, "àìrítán" ni mo ní ká máa pè é. Ẹ wo "àìlè" yẹn dáadáa. Ẹni tí àìlèkàwé ń dà láàmú kò mọ A yàtọ̀ sí B. Àìlèsọ̀rọ̀, odi nìyẹn. Ibi tí "àìlè" bá wọ̀, kì í ṣẹ́ nǹkan kan kù. Afọ́jú lẹ sọ gbogbo wa dà yẹn!

Ojú ń ríran, kì í rí i tán ni. Etí wa ń gbọ́ ìró láti 20 Hz dé 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ajá ń gbọ́ èyí tó ròkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn tí à ń wò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rin ìrìn ìṣẹ́jú 8 kó tó kàn wá lójú. Ẹ gba ọ̀nà Ìdànrè láti Àkúrẹ́ níbí lásìkò ọyẹ́, òkè yẹn á dà bí aṣọ aró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ sún mọ́ ọn, òkúta aláwọ̀ eérú ni, pẹ̀lú ilà dúdú tí omi òjò fà sí i lára. Èwo ni ojú fi purọ́ níbẹ̀? A rí i, a ò rí i tán. Ìdí tí mo fi ní "àìrítán" nìyẹn.

Àbúrò kan ní "tán" lè jẹ́ ti "ó jẹun tán". Bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an ló gbè mí lẹ́yìn: ìríran tí kò parí. Ẹ ṣáà má fi àmì ohùn ṣeré. Bẹ́ ẹ bá fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, "tàn" lẹ kọ, ẹni tó kà á á rò pé ọ̀rọ̀ ìtànjẹ là ń sọ.

Bàbá bàbá mi kì í sọ pé òun "mọ̀" ohun tí wọ́n rò fún un. "Wọ́n ní" ni, tàbí "mo gbọ́ pé". Ìròyìn ò tó àfojúbà. Barry Hallen àti J. O. Sodipo, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò (philosophy), jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1986: ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ló ń jẹ́ ìmọ̀, èyí tó gbà lẹ́nu ẹlòmíì, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọdún tẹ́ ẹ ti ń kọ́ni léèdè halẹ̀ mọ́ wa, ṣé àwọn àgbà tó pààlà tó tín-ín-rín báyìí lẹ fẹ́ pè ní aláìlèríran?

Ẹni tó tún ní "òótọ́" kì í ṣe ojúlówó ọ̀rọ̀, pé "òtítọ́" nìkan ló tọ̀nà, ara òtítọ́ náà ni òótọ́ ti wá, kí lẹ wá máa ṣe fún eégún tó ti ara egúngún wá, àti òòṣà tó ti ara òrìṣà wá? Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìyẹn kẹ́ ẹ tó ní àwa ará Àkúrẹ́ ló ba èdè jẹ́.