Mo fẹ́ máa ra àwòrán, ṣé owó wà ńbẹ̀ àbí kí n kúkú ra ilẹ̀?

ọmọ_alárè (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Owó kọparétíìfù wa jáde, mo yọ 350k sọ́tọ̀ nínú ẹ̀, mi ò fẹ́ kó bá aṣọ ẹgbẹ́ Ojúde Ọba lọ lọ́dún yìí, àwòrán ló ń wù mí, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìsinsìnyí, kì í ṣe ère àtijọ́ o. Ọmọkùnrin kan wà tó kàwé iṣẹ́ ọnà ní TASUED ní Ìjagun, àwọn ìyá ọlọ́jà ló máa ń yà, iṣẹ́ ẹ̀ dùn ún wò gan-an, 120k ló pe ńlá kan fún mi. Àwọn kan tún wà lórí Instagram tí wọ́n ní kí n kó gbogbo 350k wá, àwọn á bá mi ra iṣẹ́ olórúkọ ní Èkó, àwọn á máa bá mi tọ́jú ẹ̀, tó bá pé ọdún kan àwọn á san án padà pẹ̀lú 40% lórí. Mo sì gbọ́ pé wọ́n ta àwòrán Ben Enwonwu, àgbà ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ní owó tabua nílùú òyìnbó. Èwo ni kí n ṣe?

férémù_Ṣàgámù
Àwọn 40% yẹn, sá fún wọn lónìí. Ẹni tó bá ń ṣèlérí èlé lórí àwòrán, kì í ṣe àwòrán ló ń tà fún ẹ. Àwòrán kì í san èlé, kì í san owó ilé, ara ògiri ló máa wà títí ẹnìkan fi máa dé tó máa fẹ́ ẹ débi pé á sanwó ju èyí tó o rà á lọ, ẹni yẹn sì lè má dé láéláé. Kí ló dé tí wọ́n á fi máa bá ẹ tọ́jú ohun tó o fowó ẹ rà? Tí wọ́n bá ta àwòrán kan ṣoṣo náà fún èèyàn mẹ́wàá ńkọ́, báwo lo ṣe máa mọ̀?

Ti Enwonwu tó o gbọ́, Tutu lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọba Ifẹ̀ ló yà síbẹ̀ ní 1974. 2018 ni ilé gbàǹjo Bonhams tà á ní London, £1.2 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti rò pé bó bá pọ̀ jù kó tó £300,000. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti yà á kí wọ́n tó tà á, Enwonwu fúnra ẹ̀ ti kú láti 1994, ilé àwọn kan ní London ni àwòrán ọ̀hún sì wà, wọn ò mọ iye tó jẹ́. Àwòrán tí wọ́n yà ní 1974 tí ikán ti jẹ tàbí tí wọ́n ti fi bo fèrèsé, ta ló ń kọ ìyẹn sínú ìwé ìròyìn?

gàrí_kò_ní_ṣúgà
Ẹ̀yin ẹ ń tan ara yín jẹ. Ra plọ́ọ̀tì kan sí ọ̀nà Ìmọ̀wò bó ti lẹ̀ kéré, jókòó jẹ́ẹ́. Ìjẹ̀bú wo ló ń fi owó ra àwòrán?

àǹtí_Ìkẹ́nnẹ́
@gàrí 350k ra plọ́ọ̀tì wo lásìkò yìí? 😂 Ìjẹ̀bú wo ló ń ra àwòrán kẹ̀. Aina Onabolu tí wọ́n ń pè ní bàbá iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní Nàìjíríà, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1882, òun ló lọ ń yọ àwọn òyìnbó lẹ́nu pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ àwòrán nílé ìwé. Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà tó lókìkí, náà kọ́lé sínú oko ní Ìkíṣẹ̀ẹ́ tó wà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń wá gbé fún ìgbà díẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ kàn ń gba ẹ̀bá ibẹ̀ kọjá ni.

Ọmọ_alárè, mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní gálárì l'Ékòó, torí ẹ̀ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìwé! Àwòrán tí ò níwèé dà bí ilẹ̀ tí ò níwèé. Gba rìsíìtì, gba sàtífíkéètì tí ayàwòrán fúnra ẹ̀ bu ọwọ́ lù, kí àkọlé, ọdún, ìwọ̀n àti irú ọ̀dà tó lò wà níbẹ̀. Yẹ ẹ̀yìn kánfáàsì wò, ó yẹ kó kọ orúkọ àti ọdún síbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn àgbà tó ti kú ni kó o ṣọ́ra fún jù, torí àwọn ni wọ́n ń ṣe ayédèrú ẹ̀, tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ Yusuf Grillo wá ní olówó pọ́ọ́kú, bi ara ẹ léèrè. Tówó bá kéré, ra prínǹtì, ìyẹn iṣẹ́ tí ayàwòrán fín sára pákó tàbí irin kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ní iye tó níwọ̀n. Bruce Onobrakpeya lókìkí lórí prínǹtì ju bó ṣe lókìkí lórí nǹkan mìíràn lọ. Nọ́ńbà bíi 7/50 máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ni pé ìkeje lèyí nínú àádọ́ta, bí iye tí wọ́n tẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe ń dáa sí. Tí ò bá ní nọ́ńbà, tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ bíi kàlẹ́ńdà, owó kàlẹ́ńdà ni kó o san.

Mọ̀ pé gálárì sábà máa ń mú tó ìdajì nínú owó tó o san. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kó o lọ bá ayàwòrán lẹ́yìn wọn pé kó ta ìdajì fún ẹ o, á bà á lórúkọ jẹ́, àwọn gálárì á sì máa ta kété sí i. Ríra tó o rà á ò sì fún ẹ láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ sára T-shirt, ẹ̀tọ́ yẹn ṣì jẹ́ ti ẹni tó yà á.

Kó o tó náwó rárá, lọ wo nǹkan. Nike Art Gallery ní Lekki, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Mísíọ́ọ̀mù Yemisi Shyllon wà ní Pan-Atlantic University. ART X, ọjà àwòrán ńlá kan, máa ń wáyé ní Èkó ní ìparí ọdún. Máa béèrè iye wọn láìtijú, ojú ẹ á là.

férémù_Ṣàgámù
Àǹtí ti sọ gbogbo ẹ̀. Kí n fi ti ọwọ́ mi kún un, torí mo ń rí iṣẹ́ tó bàjẹ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Má gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn ń ràn sí. Ògiri tó ń làágùn lásìkò òjò, má gbé e kọ́ ọ, èébu á bò ó lẹ́yìn, ìwọ ò ní mọ̀. Fi nǹkan kékeré sí igun férémù lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀. Tó bá jẹ́ orí pépà ni, gíláàsì ni kó o fi bò ó, má sì jẹ́ kí gíláàsì kan ọ̀dà. Tó o bá máa ká kánfáàsì, ojú tó ní ọ̀dà ni kó wà níta, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ká a sínú tí ọ̀dà á wá máa sán.

ọmọ_alárè
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bùkún yín. Mo ti búlọ́ọ̀kù àwọn 40%. Ti ọmọ Ìjagun yìí wá ńkọ́, ṣé kí n ná an sí 80k?

àǹtí_Ìkẹ́nnẹ́
Má ná an bí ẹni ń ná adìẹ. Bi í bóyá o lè san án lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ wọn ò kọ̀. Ní kó kó àwọn iṣẹ́ ẹ̀ àtẹ̀yìnwá jáde, wò ó bóyá ọwọ́ ẹ̀ ń dáa sí i àbí ìyá ọlọ́jà kan ṣoṣo ló ń yà káàkiri, bi í bóyá ó ti pàtẹ iṣẹ́ níbì kan rí, bi í bóyá ó ń ṣe é lójoojúmọ́ àbí ó kàn ń fi dúró de iṣẹ́ báńkì ni. Ra ọ̀kan tó o lè fi ogún ọdún wò nínú pálọ̀ láìsú ẹ, torí bó ṣe máa rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. 230k tó kù, fi sí ibi tó o ti lè rí i mú tọ́mọ bá ṣàìsàn. Ọjọ́ tó bá gbé e wá, ya òun àti àwòrán pọ̀ ní fótò, kó o fi fótò náà sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú rìsíìtì.