Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ nikẹ́lì

Ará Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Ìjàpá (mọ́tò Volkswagen) bàbá mi, èyí tí wọ́n rà ní 1974, wà lẹ́yìnkùlé wa títí di òní. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, páńẹ́lì bítà ti ṣe tiẹ̀, ọ̀dà ti gbẹ. Òrùka tó yí iná iwájú ká ló kù. Méjèèjì ti dógùn-ún, kírómù, ìbora tó ń dán lára wọn, ti ṣí dànù bí èèpo ẹ̀pà. Mo wá òmíràn lọ sí Ararọ̀mí ní Agodi Gate. Èyí tí mo rí fúyẹ́ bí agolo mílíìkì, owó tí wọ́n pè kò sì fúyẹ́. Ni mo bá ní màá fi iná mànàmáná bo ti wa ní irin mìíràn tó ń dán, fúnra mi nílé.

Kírómù kọ́ ni mo fẹ́ ṣe o, oògùn kírómù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé wọlé tọ ọmọ. Nikẹ́lì ni. Òun gan-an ló máa ń wà lábẹ́ kírómù, òun ló ń gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà. Kírómù orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ báyìí ni. Àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe kí kírómù tó gbòde ní ìparí àwọn ọdún 1920, nikẹ́lì lásán ló ń dán lára wọn. Ó ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kì í tutù lójú bíi kírómù. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má bá mi jà.

Ẹ má rín mi o: owó kọ́bọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní 10 kọ́bọ̀ ti 1973 mélòó kan nínú agolo, ẹnì kan sì ti sọ fún mi pé nikẹ́lì ni. Mo so mẹ́jọ mọ́ wáyà, mo rì wọ́n sínú fínígà funfun, mo tan iná sí i, kí iná lè tú nikẹ́lì inú wọn sínú omi, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Wọ́n ní omi náà á di àwọ̀ ewé. Tèmi di búlúù. Irin tí mo fi dán an wò jáde ní pupa rúsúrúsú, mo fi àkísà nù ún, ó bá àkísà lọ. Àṣé bàbà ló pọ̀ nínú owó yẹn, nikẹ́lì inú rẹ̀ kò ju ìdámẹ́rin lọ, bàbà ló sì ń sáré lẹ̀ mọ́ irin ṣáájú.

Wẹ́dà àdúgbò wa ló là mí lójú. Ẹ̀lẹ́kíróòdù tí wọ́n fi ń jó ẹ́ńjìnnì kásàyánù tó bá là, nikẹ́lì ló wà nínú ẹ̀. Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń tà á, ó wọ́n. Mo ra mẹ́rin, mo fi hámà gbọn ẹfun ara wọn dànù, mo fi sánpépà há wọn. Fínígà lítà mẹ́rin nínú abọ́ ike, iyọ̀ ṣíún. Mo kọ́kọ́ fi nikẹ́lì sí ẹnu pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù méjèèjì kí omi lè mu ún yó. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ewé.

Fífọ irin gan-an ni iṣẹ́, ìbora kò tó nǹkan. Mo fi sánpépà há òrùka yẹn títí kò fi ku kírómù kankan lára rẹ̀, torí nikẹ́lì kì í gbá kírómù mú. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo da omi lé e lórí. Tí omi bá bò ó pẹrẹsẹ bí aṣọ, ó mọ́ nìyẹn. Tó bá ń ṣe bí omi orí ewé kókò, epo ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́. Ìka ọwọ́ yín nìkan tó láti bà á jẹ́.

Mo gbé e sínú omi, mo fi ṣájà sí i, ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú mi ń dùn. Wákàtí méjì, wọ́n mú iná lọ. Bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n mú un dé. Mo jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ, ó jáde tó ń dán. Lọ́jọ́ kejì mo fi èékánná kàn án, ó ṣí ní abala bí èèpo àlùbọ́sà, nikẹ́lì mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èyí ṣẹlẹ̀ sí mi kí n tó mọ̀ pé bí iná bá ti já, ojú nikẹ́lì máa ń yára dì, èyí tó bá tún bọ́ lé e kò ní rí ibi dì mú.

Ni mo bá fi iná wọn sílẹ̀. Bátìrì mọ́tò ni mo lò, mo wá fi gílóòbù sáàárín wáyà kí iná má baà pọ̀ jù. Mo kọ́kọ́ lo gílóòbù bíréèkì, 21 wáàtì. Etí òrùka dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí 5 wáàtì, ti nọ́ńbà plate. Wákàtí mẹ́fà, mo ń yí òrùka padà láàárín ẹ̀lẹ́kíróòdù, ìta gbangba ni mo gbé e sí, torí afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde nínú omi yẹn lè gbiná. Èyí ò ṣí. Inú kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni nikẹ́lì ò dé dáadáa, ó ti ń yọ ìpẹtà díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Àpáta

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò sọ nípa ọwọ́ o. Èmi ni mo ń bá ọkọ mi fọ irin mọ́tò Pijó 404 rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àárín ìka mi ń yún, ó ń sọ kókó wẹ́wẹ́. Mo wá rántí pé yẹtí olówó pọ́ọ́kú kì í bá etí mi lára mu láti kékeré. Nikẹ́lì kan náà ni. Látìgbà náà, mi ò fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi fẹ́ da omi àwọ̀ ewé yẹn nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ìjà ńlá la jà. Inú kẹ́ẹ̀gì ló wà báyìí, a dé e pa, a kọ “májèlé” sí i lára.

Ará Òkè-Àdó

Tèmi ò tilẹ̀ dé ibi nikẹ́lì. Ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò mi ni mo rẹ sínú fínígà mọ́jú kí ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè ṣí. Nígbà tí mo máa yọ ọ́ láàárọ̀, ó ti ní ihò wínníwínní. Mo rò pé irin ni, àṣé síńkì ni wọ́n dà, fínígà sì ń jẹ síńkì. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi bàbà bò ó kí n tó fi nikẹ́lì sí i. Mo béèrè oògùn tí wọ́n fi ń ṣe ti síńkì, wọ́n dárúkọ sáyánáìdì, májèlé tó ń pa èèyàn. Mo kun ún ní ọ̀dà fàdákà, mo dè é padà. Ẹgbẹ́ òsì mọ́tò mi ni kí ẹ má sún mọ́.

Ará Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, ìyẹn dùn mí. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, mo ti wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó bi mí léèrè bóyá òun lè fi ṣíbí tí kì í dípẹtà dípò nikẹ́lì: rárá o. Kírómù wà nínú ṣíbí yẹn, iná lè sọ ọ́ di májèlé tó burú ju ti nikẹ́lì lọ. Ẹ fi jẹ ìrẹsì.

Òrùka apá ọ̀tún ló wà nínú abọ́ báyìí. Gílóòbù ti ń pọ́n, bátìrì ń rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ n lọ yá ti àbúrò mi kó tó kú.