Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá fístúlà: ṣé ó ṣeé gbọ́kàn lé?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá kan ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fístúlà rẹ̀ (ibi tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ so iṣan àlọ mọ́ iṣan àbọ̀ nítorí ìfọ̀ ẹ̀jẹ̀) wà nítòsí ọrùn ọwọ́ òsì. Wọ́n fún un ní sẹ́ńsọ̀ oníná tó ń ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Ibo gan-an ni ká lẹ̀ ẹ́ mọ́? Bó bá ti na ọwọ́ mú ife báyìí, nọ́ńbà á fò sókè. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló yára ni, àbí irọ́ ni?

Onímọ̀ ẹ̀rọ
Irọ́ ni. Iná ni nǹkan yẹn ń tàn sínú awọ, tó sì ń wọn èyí tó padà. Bí ọwọ́ bá sún, àlàfo á ṣí lábẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìta á sì yọ́ wọlé. Kó gbé ọwọ́ lé tìmùtìmù ní ìpele àyà, kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ tó kà á. Àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ wo irú iná tó ń lò pẹ̀lú. Awọ dúdú máa ń gbé púpọ̀ nínú iná aláwọ̀ ewé mì kó tó dé ibi iṣan. Infrared, iná tí ojú kì í rí (850 sí 940 nanometer), ló ń wọlé jinlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka kíndìnrín
Orí iṣan tó wú ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, lápá ìgúnpá sí àpá iṣẹ́ abẹ, kó má sì sún mọ́ ojú abẹ́rẹ́. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọ ibẹ̀, kó gbẹ dáadáa, ẹ má fi ìpara kankan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi báńdéèjì dì í yípo ọwọ́! Ohun tó bá fún un pa lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì níbẹ̀. Bí awọ bá pọ́n lábẹ́ gọ́ọ̀mù, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka kíndìnrín
Ìka ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́. Fístúlà tó dáa ń gbọ̀n wìrìwìrì lábẹ́ ìka, bíi fóònù tí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Bó bá le, tó kàn ń lù kì-kì-kì, ó ṣeé ṣe kí iṣan ti fún níwájú. Kó gbé ọwọ́ sókè ju orí lọ: iṣan tó dáa á rọ̀, èyí tó bá ṣì wú kàǹdì, ìdènà wà níbì kan. Bí kò bá gbọ̀n rárá, tẹ́ ẹ fetí sí i tí kò hó, ẹ pe ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìfọ̀ tó kàn, ẹ má sì fọwọ́ wọ́ ibẹ̀.

Onímọ̀ ẹ̀rọ
Ohun kan tún nìyẹn: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀, nọ́ńbà náà á sì tẹ̀ lé e. Ẹ wọn ìfúnpá lápá kejì, apá fístúlà kọ́ o. Fístúlà tí kò gbé tó 500 mililítà ní ìṣẹ́jú kan ń fẹ́ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n Doppler, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tó ń fi ìró wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, ló ń sọ ìyẹn. Àna àti òní nìkan ni sẹ́ńsọ̀ yín ń fi wéra.