Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé mo lè ṣí òdòdó píónì tó ń tanná lọ́wọ́ lọ síbòmíràn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó ta ilé fún wa ló gbin píónì kan, òdòdó ilẹ̀ olótùútù tó máa ń hù padà lọ́dọọdún, sẹ́yìnkùlé, ó sì ti gbó dáadáa. Igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya ẹ̀ka bò ó, oòrùn ò ráyè kàn án mọ́, òdòdó rẹ̀ wá ń dín kù lọ́dọọdún. Àwọn birikilà fẹ́ wá mọ fẹ́ǹsì síbẹ̀, ọkọ mi ní kí n yáa hú u ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí kí n gbé e síwájú ilé. Bẹ́ẹ̀ ó ń tanná lọ́wọ́! Òdòdó méjì míì, áírísì àti pọ́pì pupa ńlá, náà wà lójú ilà yẹn. Kí ni ṣíṣe?

Bàbá Ọlọ́dòdó: Ẹ bá wa bẹ bàálé yín. Ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń ṣí píónì: oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá fún ẹni tó wà ní ìhà àríwá ayé, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 kí òtútù tó mú ilẹ̀ dì. Ewé tí ẹ ń wò yẹn ló ń wá oúnjẹ tí gbòǹgbò ń tọ́jú pamọ́, inú oúnjẹ yẹn ni èéhù ọdún tó ń bọ̀ ti ń jáde lábẹ́ ilẹ̀. Tí ẹ bá hú u báyìí, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Àǹtí Róòsì: Bàbá, ẹ má bínú o. Ìgbà ìrúwé ni mo ṣí tèmi, kò sì kú.

Bàbá Ọlọ́dòdó: Píónì kì í tètè kú, Àǹtí. Ṣé ó tanná?

Àǹtí Róòsì: Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ 😂

Ọmọ Àgbẹ̀: Àǹtí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó wọlẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ píónì wà. Èéhù rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Níbi tí òtútù ò bá ti le púpọ̀, 2.5 ti tó. Tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé lẹ máa máa rí.

Ìyá Ìbejì, tí àkókò bá tó, ẹ gé igi rẹ̀ kù díẹ̀ lókè ilẹ̀. Ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, kí ẹ jìnnà sí ìdí rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ wá ti ìsàlẹ̀ gbé e. Ẹ má fà á, torí gbòǹgbò rẹ̀ ki bí ẹ̀gẹ́, ó sì máa ń kán pẹ́ú. Ẹ fi í sí ibòòji fún wákàtí mélòó kan, á rọ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ẹ máa rí èéhù pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó lórí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ pín in, ọ̀bẹ mímú ni kẹ́ ẹ lò, kí ìkọ̀ọ̀kan ní èéhù 3 sí 5 pẹ̀lú gbòǹgbò tó dáa.

Ẹ wá gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ẹnu kòtò, ẹ fi wo ibi tí èéhù wà. Ẹ tẹ iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ máa ń rì lẹ́yìn òjò.

Ìyá Ìbejì: Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n rì í mọ́lẹ̀ dáadáa ni o!

Ọmọ Àgbẹ̀: Bóyá píónì onígi lẹni náà ń sọ, èyí tí igi rẹ̀ kì í kú nígbà òtútù. Ìyẹn ni wọ́n ń rì: ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbòǹgbò píónì mìíràn máa ń wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15.

Àǹtí Róòsì: Áírísì ò ní wàhálà. Ẹ jẹ́ kó tanná tán, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan sí méjì ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn gbòǹgbò rẹ̀ máa rí oòrùn. Pọ́pì ló lágídí, gbòǹgbò rẹ̀ gùn lọ sísàlẹ̀ ṣáá. Ẹ dúró di ìgbà tí ewé rẹ̀ bá gbẹ nígbà ooru. Kó má sì yà yín lẹ́nu tí èyí tó kù sínú ilẹ̀ bá tún hù.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi ti pe àwọn birikilà, wọ́n láwọn á ti òdìkejì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá débẹ̀ kí ìgbà ìwọ́wé tó dé ńkọ́?

Bàbá Ọlọ́dòdó: Nígbà náà, ẹ gbé e tòun ti òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ńlá. Ẹ má pín in, ẹ má ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ gé òdòdó tó bá kù, ẹ fi ewé sílẹ̀, ẹ máa bomi rin ín kó wọlẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan ṣíji bò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Ibi tuntun náà gbọ́dọ̀ máa rí oòrùn tó wákàtí 6 lójúmọ́, omi ò sì gbọdọ̀ dúró níbẹ̀. Ẹ má fi ìgbẹ́ ẹran tútù sí i o! Kódà ká ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó lè tó ọdún 2 tàbí 3 kó tó tanná dáadáa.

Àǹtí Róòsì: Ìyá Ìbejì, tí èèrà bá bò ó nígbà tó bá rudi, ẹ má wọ́n oògùn kankan sí i. Omi dídùn ara rẹ̀ ni wọ́n ń lá. Bàbá, mo ń lọ wo jíjìn tèmi báyìí.