Mo fẹ́ yí páàsíwọọ̀dù root padà, kí ọjà má dúró

Ọmọ Lágere:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣọ́ọ̀bù oògùn la ní, ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló so mọ́ MySQL wa (ètò tó ń tọ́jú database, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọjà), root, orúkọ ọ̀gá tó láṣẹ lórí ohun gbogbo, sì ni gbogbo wọn fi ń wọlé. Ẹni tó ṣe é fún wa ti lọ, ó ṣì mọ páàsíwọọ̀dù. Mo yí i padà ní Sátidé, kò sí wàhálà, àfi ìgbà tí iná lọ tó dé: "Access denied" lójú gbogbo wọn, oníbàárà sì tò dé ẹnu ọ̀nà! Kíá ni mo dá ti àtijọ́ padà.

Bàbá Sáfà:
Kọ̀ǹpútà tó ti wọlé kì í já. Ìgbà tó bá tún fẹ́ wọlé ni MySQL ń béèrè páàsíwọọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Root yẹn gan-an ni àṣìṣe. Ṣẹ̀dá orúkọ mìíràn fún títà, kó o fún un láṣẹ lórí database yẹn nìkan. Yí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sí i lálẹ́. Àṣẹ SHOW PROCESSLIST nínú MySQL á fi èyí tó ṣì ń lo root hàn ọ́. Ẹ̀yìn náà ni kó o wá yí ti root.

Ará Mọdákẹ́kẹ́:
Tí MySQL yín bá jẹ́ ẹ̀dà 8.0.14 sókè, RETAIN CURRENT PASSWORD nínú ALTER USER (àṣẹ tó ń yí páàsíwọọ̀dù padà) á jẹ́ kí ti àtijọ́ àti tuntun jọ máa ṣiṣẹ́ ná. Má gbàgbé DISCARD OLD PASSWORD, tó ń pa ti àtijọ́ rẹ́, o!

Ọmọ Lágere:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Wọ́n tiẹ̀ kọ páàsíwọọ̀dù ọ̀hún sára páálí Panadol lẹ́gbẹ̀ẹ́ kaṣíà. Mo ti ya á.