Gòdògbò olódòdó búlúù: kí lẹ fi ń dá wọn mọ̀ tí kò bá sí òdòdó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ewé. Gòdògbò tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Akọkà àti Yábàá kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Nínú wọn, Commelina diffusa ò ṣòro láti dá mọ̀: àpò ewé tí òdòdó rẹ̀ ti ń yọ ṣí sílẹ̀ títí dé ìdí. C. benghalensis àti C. erecta ni wàhálà, torí ìdí àpò tiwọn lẹ̀ pọ̀ bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Benghalensis sábà máa ń ní irun pupa níbi tí ìdí ewé ti gbá igi mọ́ra. Ní ti erecta, ewé òdòdó (petal) kẹta kéré gan-an, ó sì sábà máa ń funfun.

Èyí tí mo rí yìí ò nírun pupa, òdòdó rẹ̀ sì ti rọ. Tí oòrùn bá ti mú, ṣe ló ń yọ́ dà bí omi. Kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé rárá.

Èwo ló dájú jù nígbà náà: etí kékeré tó máa ń yọ lókè ìdí ewé erecta, àbí kí n hú u, kí n wá òdòdó abẹ́ ilẹ̀ tí benghalensis máa ń ní? Tí n ò bá sì rí i ńkọ́, ṣé ó lè jẹ́ pé ó ṣì kéré ni?