Másítàsì Civil Engineering lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Sáìtì, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti gba B.Eng., mo ti sìnrú ìlú tán, orí sáìtì ni mo sì ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó wù mí kí n tún kàwé sí i, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò ní gbà kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ fún odidi ọdún kan, èmi náà kò sì lówó tí n ó máa fi jókòó jẹun. Ìyẹn ni mo fi ń wo àwọn ilé-ìwé tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi ní irú kí nìyẹn, pé ta ló gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń kọ́ iṣẹ́ afárá nínú fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bò mí lójú. Ti láàbù ńkọ́? Owó ńkọ́? Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń ka sàtífíkéètì náà kún nílé?

Alábẹ́ Afárá, Èkó

Àbúrò, bàbá rẹ kò jẹ̀bi. Ìyàwó tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo bá lọ, structural engineering, ẹ̀kọ́ nípa bí ilé àti afárá ṣe ń dúró, ni mo yàn, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì kà á mọ́ iṣẹ́. Kírédíìtì 180 ni wọ́n ń pè ní másítàsì lọ́hùn-ún, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ ìwádìí ìparí. Bí agara bá dá ọ nígbà tó o gba 60, wọ́n lè fún ọ ní Postgraduate Certificate. Bó o bá dé 120, Diploma. Ìyẹn fọkàn mi balẹ̀ ju gbogbo ìpolówó wọn lọ, torí mo mọ̀ pé bí nǹkan bá dojú rú láàárín ọ̀nà, n kò ní lọ lọ́wọ́ òfo.

Ohun tó kọ́kọ́ là mí lójú ni ọ̀rọ̀ code, ìyẹn ìwé ìlànà tí a fi ń ṣírò agbára ilé. BS 8110, ìlànà kọnkéré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi tọ́ wa nílé, òun náà ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń lò, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ni ín ti gbé e jù sílẹ̀ láti 2010, wọ́n ti bá Eurocode 2 ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Ní BS 8110, bí a bá ní kọnkéré grade 30, agbára kúùbù là ń sọ, ìyẹn kọnkéré onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń dán agbára wò. Ní Eurocode, C25/30 ni wàá rí lára dírọ́ìn: 25 jẹ́ ti sìlíńdà, kọnkéré ìdánwò tó rí bí agolo gígùn, 30 jẹ́ ti kúùbù, 25 yẹn sì ni ìṣirò ń lò. Kọnkéré kan náà ni o. Sìlíńdà ga ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ, irin ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ kò ráyè dì í mú tòkè-tìsàlẹ̀ bíi ti kúùbù, ó sì máa ń tètè fọ́. Ẹni tó bá wá gbé 30 sínú ìlànà Eurocode ti fún òpó ní agbára tí kò ní, sọ́fítíwíà kò sì ní pariwo mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ tí olùkọ́ ń ṣàlàyé èyí, ṣe ni mo tú gbogbo dírọ́ìn tó wà ní ọ́fíìsì wa sílẹ̀, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ní kí ló ń dà mí láàmú. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo ṣí fídíò náà fún wọn.

Ti owó, pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ohun tó tẹ̀lé e, gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́. Iye pọ́n-ùn kò yí padà, ti náírà ni mo ń wò tí mo ń lanu. A ta ọkọ̀ kejì tó wà nílé. Ohun tó kó mi yọ ni pé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń sanwó lé lórí. Ilé-ìwé tó bá ní kó o kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ro ó dáadáa.

Ìdánwò tún wà tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣọ́ni. Wàá gbé kọ̀ǹpútà yí gbogbo yàrá ká, dé abẹ́ tábìlì. Àárín ìdánwò ni NEPA mú iná, inverter mi gbé e, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tó ń ṣọ́ mi ní ariwo kí nìyẹn. Mo ní jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn kí wọ́n pa á. Mo wojú rẹ̀ títí. Kí n lọ kan ilẹ̀kùn onílé-onílé nínú òkùnkùn, kí n ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ torí mò ń ṣèdánwò!

Kó o tó san kọ́bọ̀, yẹ ìwé àwọn Joint Board of Moderators wò, bóyá ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣojú ICE, IStructE àtàwọn ẹgbẹ́ ẹnjinnía yòókù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó o bá fẹ́ gba CEng, oyè ẹnjinnía ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́la, ìwé yẹn ni wọn yóò wò. Má wo orúkọ yunifásítì nìkan o. Ẹ̀kọ́ gan-an ni kó o wá, kó o sì rí i pé èyí tí wọ́n ń ṣe láti òkèèrè wà lára rẹ̀.

Onílẹ̀ Pupa, Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí n gba ti láàbù, torí geotechnical, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti erùpẹ̀, lèmi kà.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, fídíò ni wọn yóò fi hàn ọ́. Wọn yóò kó àbájáde triaxial, ìdánwò títẹ erùpẹ̀, tí àwọn fúnra wọn ṣe fún ọ, ìwọ á ya róbótó Mohr, wàá wá c àti phi, nọ́ńbà méjì tó ń sọ agbára erùpẹ̀. N kò ní parọ́ fún ọ, kò tó kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gé erùpẹ̀.

Nígbà tó wá di iṣẹ́ ìparí, mo ní ilẹ̀ pupa ọ̀dọ̀ wa ni n ó ṣe, irú èyí tí wọ́n ń kó sábẹ́ títì. Mo lọ bẹ àwọn ará láàbù politẹ́kíníkì kan, wọ́n gbà kí n máa sanwó díẹ̀díẹ̀. Súpáfáísọ̀ mi, Òyìnbó ni, èèyàn dáadáa sì ni. Ó ní kí n gbẹ erùpẹ̀ náà nínú ófùnù ní ìwọ̀n ooru 105 sẹ́ńtígíréèdì kí n tó wá liquid limit rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n omi tó ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ tó ń ṣàn. Mo ní, “Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é lọ́nà méjì.” Mo fi apá kan sínú ófùnù, mo tẹ́ apá kejì síbi tí atẹ́gùn ti lè gbẹ ẹ́. Mo po ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ omi, mo tẹ́ ẹ sínú abọ́ Casagrande, mo là á láàárín, mo ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, abọ́ ń fò, ó ń balẹ̀, ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ìwọ̀n omi tí ojú ilà yẹn yóò fi pàdé bí abọ́ bá balẹ̀ nígbà 25, òun là ń wá. Ti ófùnù kéré sí ti atẹ́gùn, kò sì ṣe díẹ̀.

Àwọn èròjà irin inú ilẹ̀ pupa ló fà á. Bí iná bá ti gbẹ wọ́n, wọ́n á lẹ àwọn hóró wẹ́wẹ́ pọ̀ di hóró ńlá, bó o bá sì tún da omi sí i, kì í fẹ́ tú ká mọ́. Amọ̀ á wá máa ṣe bí ẹni tí kì í ṣe amọ̀. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ófùnù yan ilẹ̀ títì á rò pé òun ti rí ilẹ̀ gidi, títí òjò á fi dé. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i o, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ olóoru ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n súpáfáísọ̀ mi kò tíì fojú ara rẹ̀ rí i rí. Ó ní kí n fi odidi orí kan kún un. Ká ní mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni, níbo ni n bá ti rí ilẹ̀ pupa?

Òṣìṣẹ́ Ìjọba, Abẹ́òkúta

Lórí sàtífíkéètì: tèmi kò ní “online” lára rárá, bákan náà ló rí pẹ̀lú ti àwọn tó jókòó sí kíláàsì. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ kan fún ìgbéga, ẹni tó wà nídìí fáìlì ní òun kò mọ dìgírì kọ̀ǹpútà. Wọ́n dá a padà. Ìgbà tí mo mú un lọ sí Federal Ministry of Education kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo sì mú ìwé wọn padà dé, ni ẹnu ọkùnrin náà tó wọlé. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. COREN, àwọn tó ń forúkọ ẹnjinnía sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní tiwọn, B.Eng. rẹ àti ìrírí iṣẹ́ rẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Níbí, kírédíìtì 30 ló wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í sì í fi thesis dandan. Iléeṣẹ́ mi ló san èyí tó pọ̀ jù. Òfin owó orí Amẹ́ríkà gbà kí agbanisíṣẹ́ ná tó 5,250 dọ́là lọ́dún lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ láìgba owó orí lé e, mo sì rọra pín ẹ̀kọ́ mi kó má kọjá ibẹ̀. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa kì í béèrè irú owó bẹ́ẹ̀.

Ti omi òjò ló wọ̀ mí lára jù. Ìjì Harvey bá wa nínú ilé ní 2017. Ọdún tó tẹ̀lé e ni NOAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọjọ́, gbé ìwé òjò tuntun jáde fún Texas, Atlas 14. Òjò ọjọ́ kan tí a ń pè ní ti ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyẹn èyí tó ní ìdá kan nínú 100 láti rọ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ínṣì 13 ló wà tẹ́lẹ̀ ní Houston. Ó di 18 láwọn ibì kan. Asáńmẹ́ǹtì wa ni pé ká fi nọ́ńbà méjèèjì wọn adágún tí yóò gba omi ilé ìtajà kan. Adágún tuntun jẹ wọnú ibi ìgbọ́kọ̀sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, oníbàárà kan ń bá wa fa wàhálà ní ọ́fíìsì pé a fẹ́ fi ihò gba ilẹ̀ òun. Iṣẹ́ kíláàsì mi ni ọ̀gá mi tẹ́ síwájú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ níbí, másítàsì kò sọ ọ́ di PE, ẹnjinnía tó ní ìwé àṣẹ, o. Ìdánwò FE àti PE wà níbẹ̀, ìrírí wà níbẹ̀, NCEES, àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà, á sì yẹ dìgírì tó o gbà nílé wò fínnífínní. Ti ABET, àwọn tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ẹnjinnía, dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fọwọ́ sí, má jẹ́ kí ó já ọ láyà bí o kò bá rí i lórí másítàsì.

Ọmọ Sáìtì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa fún yín ṣe. Àǹtí Houston, bí mo bá mú ti Amẹ́ríkà, aago mélòó ni wọ́n ń ṣe kíláàsì?

Ìyá Ìbejì, Houston

Bó bá jẹ́ pé ẹ jọ máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò kan náà pẹ̀lú olùkọ́, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ New York jẹ́ mọ́kànlá alẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Bí ìgbà òtútù bá dé tí wọ́n yí aago, ó di méjìlá òru. Ìwọ tó ń wọ sáìtì láàárọ̀! Béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ń gba ohùn àti àwòrán kíláàsì sílẹ̀. Bí wọn kò bá gbà á sílẹ̀, bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, aago yín bára mu lásìkò ooru wọn.

Ọmọ Sáìtì, Ìbàdàn

Ó ti yé mi, mà. Ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́, èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní láàbù yẹn?

Onílẹ̀ Pupa, Àkúrẹ́

Wá sí inbox.